Ẹ Má Tíì Ju Ìwé Ọ̀rọ̀ Líle Nù

Ẹni tó bá ti bá ẹni tó ń múra ìdánwò GRE gbélé rí yóò rántí bí ògiri ṣe máa ń di pátákó. Páálí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni wọn yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo: "obsequious" lẹ́gbẹ̀ẹ́ díńgí, "perfunctory" lára fíríìjì, "laconic" lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Bí ìyá àgbà bá wá kí wọn láti ìlú, á wò ó títí, á béèrè bóyá orúkọ oògùn ibà tuntun ni. Kò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kì í lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú.

GRE ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń yan àwọn tó fẹ́ wá gba oyè másítàs tàbí oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ ETS, tó wà nítòsí Princeton ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ló ń ṣètò rẹ̀. Owó rẹ̀ ju dọ́là 200 lọ, bẹ́ẹ̀ náírà ni ọmọ Nàìjíríà ń kà. Máàkì ẹ̀ka èdè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 130, ó parí sí 170. Oríṣi ìbéèrè méjì ni ọ̀rọ̀ líle ti ń bá èèyàn jà níbẹ̀. Nínú èkíní, wọ́n á fi àlàfo kan, méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ nínú àyọkà kékeré. Ẹni tó bá gba méjì nínú mẹ́ta kò gba nǹkan kan. Nínú èkejì, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló wà nílẹ̀, méjì ni kó ṣà, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ sọ gbólóhùn náà di ohun kan náà. Ẹni tó gboyè kẹ́mísírì ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀, tó ń wá sìkọ́láṣípù lọ sókè òkun, ìṣirò GRE kì í sábà já a láyà. Ọ̀rọ̀ ló ń já a láyà.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí tí àwọn ọ̀gá ìdánwò ní Amẹ́ríkà ti ń yọ ọ̀rọ̀ líle kúrò díẹ̀díẹ̀, tí ayé sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n ní àkọ́sórí lásán ni, wọ́n ní kì í jẹ́ kí ọmọ kàwé gidi. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ àtẹ́wọ́ náà ti pọ̀ jù. Nínú gbogbo ohun tí ìdánwò wọ̀nyí ń béèrè, ọ̀rọ̀ líle ni ohun tí ọmọ tálákà, ọmọ àlejò, ọmọ tó ń gbé lẹ́yìn odi lè fi òógùn ojú rẹ̀ rà.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1926 ni SAT, ìdánwò àṣewọlé fún àwọn tó ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kọ́kọ́ wáyé. Àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 8,000 ló jókòó ṣe é, ìbéèrè 315 ni wọ́n kó síwájú wọn láti dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 97. Ìsọ̀rí mẹ́sàn-án ló ní. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ìdàkejì ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àfiwé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ hùmọ̀ èdè kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa ń tètè gbọ́ èdè. Carl Brigham, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Princeton, ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tó ṣe é. Kì í ṣe ẹni tí èèyàn dúdú máa ń fi ẹ̀rín rántí. Ní 1923 ó tẹ ìwé kan jáde níbi tó ti fi èsì ìdánwò àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní sọ pé àwọn aláwọ̀ funfun láti àríwá Yúróòpù ní làákàyè ju àwọn ìran yòókù lọ. Ní 1930 ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó kọ ọ́ síta pé ohun tí òun sọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdánwò ní tirẹ̀ ti fìdí múlẹ̀.

Nígbà yẹn, lẹ́tà A tó wà láàárín SAT dúró fún ẹ̀bùn abínibí. Ìgbàgbọ́ àwọn tó ni ín ni pé iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀ ń fi bí orí rẹ̀ ṣe pé tó hàn, àti pé kò sí lẹ́sìnnì tó lè yí i padà.

Stanley Kaplan kò gbà. Ọmọ àwọn Júù tó ṣí wá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù ni, Brooklyn ni wọ́n ti bí i, láti 1938 ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò nínú yàrá abẹ́lẹ̀ ilé àwọn òbí rẹ̀. Ó fẹ́ di dókítà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò mú un, bẹ́ẹ̀ máàkì rẹ̀ dára. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé jíjẹ́ Júù òun, àti pé yunifásítì ìjọba ni òun ti jáde, ló fà á. Ní 1946 ọmọbìnrin kan gbé SAT wá bá a pé kó kọ́ òun. Bí iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olówó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn onídánwò ń pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ohun tí kò ṣeé kọ́ ni Kaplan ń kọ́ àwọn ọmọ. Kaplan ń kọ́ wọn lọ. Ohun tó dùn mọ́ni nínú ìtàn rẹ̀ ni pé kò kórìíra ìdánwò náà rárá. Ojú tó fi ń wò ó ni pé ká ní irú rẹ̀ wà fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà tirẹ̀, wọn ì bá rí iṣẹ́ ọwọ́ òun kí wọ́n tó rí orúkọ òun.

Bí ìdánwò bá ti ń béèrè ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á di ọjà. Ní 1954 ìwé ìmúrasílẹ̀ Barron's jáde láti ọwọ́ Samuel Brownstein àti Mitchel Weiner, nígbà tó sì yá, àkójọ ọ̀rọ̀ 3,500 inú rẹ̀ di ohun tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń há sórí láti A dé Z. Àwọn Princeton Review tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé tiwọn ní 1988. Ọgbọ́n tiwọn ni pé wọ́n ka àwọn ìdánwò àtijọ́, wọ́n wo ọ̀rọ̀ tó máa ń padà wá, wọ́n sì kó ìwọ̀nyẹn síwájú.

Kò síbi tí ọjà náà ti tà tó Ṣáínà. Yu Minhong, ọmọ àgbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Jiangsu, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò àṣewọlé kó tó rí ọ̀nà wọ Yunifásítì Peking ní 1980. Ó fẹ́ lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, wọn kò fún un ní físà. Ní 1993 ó dá ilé ẹ̀kọ́ New Oriental sílẹ̀ ní Beijing láti máa múra àwọn ẹlòmíì sílẹ̀ fún ìrìn àjò tí òun kò rí lọ. Ìwé ọ̀rọ̀ GRE tó kọ gbajúmọ̀ débi pé èèpo pupa rẹ̀ ni àwọn ọmọ fi ń pè é. Àkọ́sórí náà gbóná débi pé ó ré kọjá ààlà: ní 2002 ETS dá GRE orí kọ̀ǹpútà dúró ní Ṣáínà, Taiwan àti Kòríà Gúúsù, wọ́n dá wọn padà sí ti orí ìwé, torí àwọn tó ti ṣe é ń rántí ìbéèrè, wọ́n sì ń kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojúlówó ìwà jìbìtì nìyẹn, kò sí ọ̀nà tí a lè gbà wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nílé wa níbí, ìfẹ́ gìrámà kò dúró de GRE. Nínú eré Ogali A. Ogali tí wọ́n tẹ̀ ní 1956, ọ̀kan nínú ìwé ọjà Oníṣà tó tà jù lọ, Bomber Billy ni wọ́n pe ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn òǹkàwé fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n tún há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí. K. O. Mbadiwe sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di ohun ìjà òṣèlú ní Ìjọba Olómìnira Kìíní, Patrick Obahiagbon láti Ẹ̀dó sì gbé e dé ilé aṣòfin àpapọ̀ láàárín 2007 sí 2011. Tí ó bá sọ̀rọ̀ tán, àwọn akọ̀ròyìn á gbé díkíṣọ́nárì. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ iyì náà wà níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ wa fi kún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti dàgbà ló kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú Brighter Grammar, ìwé tí Phebean Ogundipe, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Students' Companion náà kò gbẹ́yìn, níbi tí ọmọ ti ń há a sórí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró fún ẹni tó ń kó sítáǹbù jọ. Títí di òní, Use of English ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nínú JAMB. Ìbéèrè 60 ló ní, nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń béèrè níbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ kan jù lọ ní ìtumọ̀ àti èyí tó jìnnà sí i jù lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa bá dé ìdí GRE, àṣà ọ̀rọ̀ kíkó jọ kì í ṣe àjèjì sí i. Ohun tó sábà máa ń kù fún un ni bí yóò ṣe kó o jọ tí kò fi ní jò dànù.

Ọ̀ràn jíjò yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí: ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó wá ń wò ó iye tó kù lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn wákàtí kan, títí dé oṣù kan. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1885. Ohun tó rí ni pé ìgbàgbé tó pọ̀ jù máa ń ṣẹlẹ̀ kíá, ní wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, kó tó wá máa falẹ̀. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí kò padà sí i títí di Sátidé kejì, ti fi òru rẹ̀ ṣòfò. Ní 1972 Sebastian Leitner, akọ̀ròyìn kan, gbé àpótí káàdì jáde: ọ̀rọ̀ tí o bá mọ̀ lọ sí àpótí ẹ̀yìn tí o kì í tètè ṣí, èyí tí o kò mọ̀ padà sí àpótí iwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Póláǹdì, Piotr Wozniak, gbé ìlànà tó jọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ní 1987 lábẹ́ orúkọ SuperMemo. Láti inú ìṣirò rẹ̀ ni Anki ti jáde ní 2006, èyí tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ àwọn tó ń múra GRE lónìí, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Android. Lọ́dún 2006 kan náà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní St. Louis fi hàn pé ẹni tó pa ìwé dé tó sì gbìyànjú láti rántí ohun tó kà ń mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju ẹni tó ń kà á tó tún ń kà á lọ. Páálí ara fíríìjì tí ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ jọ wà lójú kan kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, nígbà náà. Ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn páálí.

Ọgbọ́n kan tún wà tó dára fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wọn. Ní 1975 Richard Atkinson àti Michael Raugh fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ èdè Rọ́ṣíà: mú ìró kan láti èdè rẹ tó jọ ọ̀rọ̀ tuntun náà, kí o sì fi àwòrán kan so wọ́n pọ̀. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ mọ "abate", kí nǹkan rọlẹ̀, lè ronú sí àbàtà, níbi tí omi tó kún ti fà tó ku ẹrẹ̀. Fún "garrulous", kó ya ẹnì kan sọ́kàn tí gàrí kún ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń rojọ́. Bí àwòrán náà bá ṣe ń pani lẹ́rìn-ín tó ló ṣe ń pẹ́ lórí tó.

Atkinson yìí kan náà ló padà wá dá ọwọ́ ọ̀rọ̀ líle dúró. Ó ti di ààrẹ Yunifásítì California nígbà náà. Nínú ọ̀rọ̀ kan tó sọ níwájú àwọn olórí yunifásítì ní oṣù Kejì ọdún 2001, ó ròyìn ilé ẹ̀kọ́ kan tó lọ wò, níbi tó ti bá àwọn ọmọ ọdún méjìlá tí wọ́n jókòó ti àfiwé ọ̀rọ̀ fún wákàtí púpọ̀, torí SAT tó ṣì jìnnà sí wọn. Ó dábàá kí California yọwọ́ nínú ìdánwò náà. California sì ni oníbàárà tó tóbi jù lọ tí SAT ní. Wọ́n ti yọ ìdàkejì ọ̀rọ̀ kúrò nínú SAT láti 1994. Ní 2005 àfiwé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ní 2011 GRE yọ méjèèjì. Nígbà tó di 2016, David Coleman tó jẹ́ ọ̀gá College Board, ilé iṣẹ́ tó ni SAT, yọ àlàfo dídí kúrò nínú rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ bí "synthesis" àti "empirical" tí ọmọ yóò lò ní yunifásítì ni kó mọ̀.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù lọ tí wọ́n fi kan ọ̀rọ̀ líle ni pé ti àwọn olówó ni. Àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí ni ìbéèrè kan nínú SAT àtijọ́ tó fi asáré àti máráthọ́ọ̀nù wé atukọ̀ àti "regatta", ìdíje ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń gbé e lọ wo irú eré bẹ́ẹ̀ á mọ̀ ọ́n láìwo ìwé. Ó yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ní 2003 Roy Freedle, tó ti ṣiṣẹ́ ní ETS fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kọ nǹkan tó yani lẹ́nu sínú Harvard Educational Review. Ó fi àwọn ọmọ dúdú wé àwọn ọmọ funfun tí àpapọ̀ máàkì wọn dọ́gba. Lórí ìbéèrè tó le, tó kún fún ọ̀rọ̀ inú ìwé, àwọn ọmọ dúdú ń ṣe dáadáa díẹ̀ ju akẹgbẹ́ wọn lọ. Lórí èyí tó rọrùn, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ni wọ́n ti ń rẹ̀yìn. Àlàyé rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ máa ń yí padà láti àdúgbò dé àdúgbò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé, inú ìwé kan náà ni gbogbo ọmọ ti ń bá a. Àwọn onídánwò bá a jiyàn gan-an. Ní 2010 Maria Veronica Santelices àti Mark Wilson tún un wò pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì rí i pé nǹkan kan wà níbẹ̀ ní ti àwọn ọmọ dúdú.

Ẹni tó bá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní Ṣàgámù tàbí Ọ̀ṣun á tètè lóye Freedle. Kò sẹ́ni tí "obsequious" dájú fún, nítorí náà gbogbo èèyàn ló ń kọ́ ọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré ló ń dá ìjà sílẹ̀. "Arrest" lẹ́nu wa, ti ọlọ́pàá ni. Nínú ìdánwò, àìsàn ni wọ́n ń "arrest", ìyẹn ni pé wọ́n dá a dúró kó má tàn mọ́. "Flag" kì í ṣe àsíá mọ́, okun ara tó ń tán ni. "Qualify" tí ọmọ mọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù àti iṣẹ́ wá di kí èèyàn dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù, kó fi àmọ́ sí i. "Want" di àìní. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ irú èyí sára páálí, torí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. SAT tuntun orí kọ̀ǹpútà, tó dé òkè òkun ní 2023 tó sì dé Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní 2024, fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: àyọkà kúkúrú tí kì í ju 150 ọ̀rọ̀ lọ, ìbéèrè kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ pé àwọn ti yọ ẹrù kúrò lórí ọmọ. Èyí tó wúwo gan-an ṣì wà níbẹ̀, a kàn kò rí i mọ́ ni.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ti yí ọwọ́ padà. Gbólóhùn odindi ni wọ́n ń kọ sórí káàdì, torí ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ máa ń tanni. "Enervate" jọ ohun tó ń fúnni lágbára. Gbígba agbára lọ́wọ́ ẹni ló ń ṣe. "Bemused" jọ ẹ̀rín, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ló jẹ́. Wọ́n tún ń wo àwọn ọ̀rọ̀ ìsopọ̀: bí gbólóhùn GRE bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "although", ohun tó wà nínú àlàfo gbọ́dọ̀ kọjú ìjà sí ohun tó wà lódì kejì, èyí sì máa ń lé ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan kúrò lójú ọ̀nà kí èèyàn tó mọ ìtumọ̀ wọn rárá. Wọ́n sì ń ka ìwé ìròyìn bíi The Economist àti Scientific American, níbi tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bí wọn fún.

Àrùn kòrónà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Láti 2020 ọ̀pọ̀ yunifásítì dẹ́kun bíbéèrè SAT, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹpẹtẹ sì yọ GRE kúrò nínú ohun tí wọ́n ń gbà. Yunifásítì California pa SAT tì pátápátá, gẹ́gẹ́ bí Atkinson ti dábàá ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. MIT padà sí i ní 2022. Ní 2024, àwọn olùkọ́ kan ní Dartmouth wo ìwé àwọn tó béèrè àyè, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ ń fi máàkì tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́ pa mọ́, torí wọ́n rò pé kò tó. Dartmouth dá ìdánwò padà. Yale, Brown àti Harvard ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà.

GRE ní tirẹ̀ ti kúrú láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ó ti wọ̀ sí wákàtí méjì ku ìṣẹ́jú méjì. Ìbéèrè 27 ló kù ní ẹ̀ka èdè, nǹkan bí ìdajì wọn ṣì jẹ́ ti àlàfo àti ọ̀rọ̀. Méjìlá ló máa ń kọ́kọ́ yọjú fún ìṣẹ́jú 18. Bí èèyàn bá ṣe ṣe méjìlá yẹn sí ni kọ̀ǹpútà fi ń pinnu bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù yóò ṣe le tó.